Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ: Ìgbà Wo Ni N Ó Tún Jọ Ara Mi?

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Iṣẹ́ abẹ tí àwọn dókítà ń ṣe fún ẹni tó sanra àsanjù kí ó lè jò ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá jù lọ àkókò tí ojú ọgbẹ́ ti jinná, tí gbogbo ènìyàn sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, ṣùgbọ́n tí ẹni náà ń wo dígí, tí kò dá ara rẹ̀ mọ̀.

Ẹ lè béèrè pé kí ló kan Ìgàngán níbẹ̀. Lóòótọ́, a kì í ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí nítòsí wa. Ní Nàìjíríà, Èkó àti Àbújá ni a ti sábà máa ń gbọ́ ọ, àwọn mìíràn sì ń tìtorí rẹ̀ lọ sí Íńdíà, Tọ́kì tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kún àwọn ibi wọ̀nyí, wọn a sì máa wálé ọdún. Ẹni tó kúrò nílé ní kílò 130, tó bá padà wá ní kílò 80, ìlú ló máa bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí ìlú bá sọ fún un lè mú un lára le, ó sì lè dá a padà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an? Dókítà Edward Mason ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan lára rẹ̀ ní ọdún 1966. Lónìí, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Nínú èkíní, wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò oúnjẹ kúrò, èyí tó kù á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Nínú èkejì, wọ́n á pín àpò oúnjẹ sí méjì. Apá tí oúnjẹ yóò máa bọ́ sí kò ní ju ẹyin adìẹ lọ, wọ́n á sì so ó mọ́ ìfun níwájú kí oúnjẹ lè fo apá kan lára ọ̀nà tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé inú kéré nìkan. Ebi fúnra rẹ̀ máa ń dínkù, nítorí pé láti ara àpò oúnjẹ ni ara ti ń rán iṣẹ́ ebi lọ sí ọpọlọ. Ẹni tó ti ń gbọ́ ohùn ebi láti kékeré, lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni ohùn náà rẹlẹ̀. Ẹ ro ó wò: ìyẹn nìkan tó láti mú kí ènìyàn máa bi ara rẹ̀ pé ta ni èmi yìí.

Àwọn kan á ní ṣé kì í ṣe pé à ń yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà ni. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ń wò ni ìdí tí a fi ṣe é. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, orúnkún tó bàjẹ́ tàbí èémí tó ń dúró lójú oorun ń yọ lẹ́nu nítorí ìsanrajù, ìtọ́jú àìsàn ló ń wá. Èyí yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò ní àìsàn kankan, tó kàn fẹ́ rí bí obìnrin orí tẹlifíṣọ̀n. N kò ní pẹ́ lórí èyí. Ẹni tó bá kàn, kó bá dókítà rẹ̀ àti alfa tó mọ̀ sọ̀rọ̀.

ARA A MÁA ṢÁÁJÚ, ỌKÀN A MÁA BỌ̀ LẸ́YÌN

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà ní Saudi Arabia, Khalid bin Mohsen Shaari ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2013, kílò 610 ni ó wọ̀n. Ó ti lé ní ọdún méjì tó ti wà lórí ibùsùn. Ọba Abdullah ìgbà náà ló pàṣẹ pé kí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e láti agbègbè Jizan lọ sí Riyadh, kí ìjọba sì tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní bí oṣù mẹ́fà péré, ó ti jò ju ìlàjì lọ. Nígbà tó yá, kò tó kílò 70 mọ́. Ayé gbọ́ ìyẹn. Ohun tí àwọn ènìyàn kò sọ púpọ̀ ni pé lẹ́yìn tí ọ̀rá ti lọ, awọ ṣẹ́kù, ó ń fì lára rẹ̀, iṣẹ́ abẹ mìíràn ni wọ́n tún fi gé e kúrò. Ẹni tó ti ń gbàdúrà ara tuntun láti ọjọ́ yìí, ó gba ara náà tán, ó tún bá awọ ara àtijọ́ níbẹ̀. Bó ṣe ń rí fún púpọ̀ nínú àwọn tó jò kíákíá nìyẹn, bí ọ̀rá wọn kò tilẹ̀ tó ti Khalid rárá.

Àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù nínú wa mọ Diego Maradona. Nàìjíríà ló gbá ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé rẹ̀ ìkẹyìn sí, ní ọdún 1994. Nígbà tó kúrò nínú eré, ó sanra débi pé ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ àpò oúnjẹ fún un ní Cartagena, ní Colombia, ní oṣù kẹta ọdún 2005. Ó jò gidigidi. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ń ṣe ètò tirẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ara rẹ̀ le, gbogbo ènìyàn ní Maradona ti padà dé. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2007, wọ́n tún gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Buenos Aires, ọtí ló fà á. Ní ọdún 2010, òun ni olùkọ́ni ẹgbẹ́ Argentina tó na Nàìjíríà ní àmì ayò kan sí òdo ní Johannesburg, ẹ sì rí i pé ó tún ti sanra. Ní ọdún 2015, wọ́n tún ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn fún un ní Venezuela. Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2020.

N kò mú un wá kí a lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀bẹ dókítà dé inú àpò oúnjẹ rẹ̀, kò dé ibi tí ìrora àti àṣà wà. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, ọtí a máa wọ ẹ̀jẹ̀ kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a sì ti rí lára àwọn tí kò mutí púpọ̀ rí tí wọ́n wá ń mu ún, nítorí pé oúnjẹ tó ń tù wọ́n nínú kò ṣeé jẹ mọ́. Àwa Mùsùlùmí ní ààbò níbẹ̀ bí a bá pa òfin mọ́, àmọ́ ọtí nìkan kọ́ ni ènìyàn lè gbé rọ́pò oúnjẹ. Rírà láìnídìí wà, tẹ́tẹ́ wà, ìbínú wà. Ẹni tó bá ń fi oúnjẹ pa ìbànújẹ́ rẹ́ tẹ́lẹ̀, ìbànújẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó dé láti ilé ìwòsàn, abọ́ àmàlà ni kò sí mọ́. Ó yẹ kó rí ẹni bá sọ ọ́. Bí ìrònú bá wá wúwo, tí kò lè sùn, tí ayé sú u, kí ó padà sọ fún dókítà, kí àwọn ará ilé má sì ní àìní ìgbàgbọ́ ló ń bá a jà.

OṢÙ DÉ OṢÙ

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àkókò náà ṣe ń lọ, kí ẹni tó bá ń la àárín rẹ̀ kọjá má baà rò pé òun nìkan ni.

Ọ̀sẹ̀ bíi méjì àkọ́kọ́, ohun olómi nìkan ni. Lẹ́yìn náà, ohun tí a lọ̀ kúnná, bíi ẹ̀wà tí a fọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ohun rírọ̀. Ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí oúnjẹ tó le díẹ̀ tó wọlé, ọ̀nà tí ilé ìwòsàn bá sì là sílẹ̀ ni kí a tẹ̀lé. Síbí mẹ́ta sí mẹ́rin, inú ti kún. A kì í mu omi pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Wọ́n máa ń ní kí ènìyàn dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ. Nítorí pé àyè kéré, ohun tó ń mú ara dàgbà ni kí ó kọ́kọ́ wọlé: ẹja, ẹyin, mọ́ínmọ́ín, wàrà ọjà wa. Láfún tí a fẹ́ràn ní Ìbàràpá dùn pẹ̀lú ọbẹ̀ ìlasa, ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé kò dùn, àmọ́ bí òkèlè bá kọ́kọ́ gba àyè, ẹja kò ní ráyè wọlé mọ́.

Ohun dídùn gan-an lè dá nǹkan sílẹ̀, pàápàá fún ẹni tí wọ́n so ìfun rẹ̀. Bó bá mu mínírà kan tán, àyà rẹ̀ lè máa já, òógùn á bò ó, òòyì á kọ́ ọ, inú á rú. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni bu nǹkan sí i lóúnjẹ o! Ṣúgà ló sáré wọ ìfun.

Ní bí oṣù kẹta, irun a máa já. Èyí ni ó ń ba àwọn arábìnrin lẹ́rù jù. Ara tó jò kíákíá ló ń fà á, ó sì sábà máa ń dúró kí ọdún tó yípo, tí irun á tún hù, bí ẹni náà bá ń jẹ ohun amúaradàgbà tó tó. Òtútù a máa mú wọn ju ti tẹ́lẹ̀. Jíjò náà a máa le jù ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ó sì lè máa bá a lọ títí di ọdún kan tàbí ọdún kan àti ààbọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe sáré rán aṣọ púpọ̀. Télọ̀ á jèrè, ẹ̀yin ò ní jèrè.

Ní gbogbo àkókò yìí, ojú kò tíì gbà. Ẹni tó ti jò ṣì máa ń fẹ̀gbẹ́ wọ ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ tó fún un. Ó ṣì máa ń wá àga tó nípọn kí ó tó jókòó. Nínú ọkọ̀, ó ṣì máa ń rò pé òun gba àyè ẹni méjì. Kì í ṣe wèrè. Ọdún ogún tí ọpọlọ fi kọ́ bí ara ṣe tóbi tó, kò lè gbàgbé rẹ̀ lóṣù mẹ́ta.

Àwọn àgbà Ìbàràpá yóò yé ọ̀rọ̀ yìí ju bí wọ́n ti rò lọ, nítorí sòbìyà. Ìdèrè àti àwọn ìlú wa mìíràn wà lára ibi tí sòbìyà ti jà gidigidi kó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tó ní in ní Nàìjíríà, ọdún 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán níbí. Ó lè dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, bí iṣẹ́ oko tilẹ̀ wà lọ́rùn. Ọjọ́ tí aràn jáde tán kọ́ ni ara rẹ̀ di tirẹ̀ padà. Ọjọ́ tó tún gbé ọkọ́ dé ìdí ebè ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tí a ń sọ yìí. Kílò tó bá rí lórí ìwọ̀n kò lè sọ fún un pé ó ti padà dé. Ohun tó tún lè ṣe ni yóò sọ ọ́: kí ó rìn lọ kí ìrun Jímọ̀ láìjókòó simi lọ́nà, kí ó bẹ̀rẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú àlùwàlá láìdi ògiri mú, kí ó gun ọ̀kadà kan ṣoṣo láìsan owó ẹni méjì.

ÌRUN ÀTI ÀÀWẸ̀

Bí ojú abẹ bá ṣì ń dunni, rúkúù àti fíforíkanlẹ̀ kì í rọrùn. Kí ẹnikẹ́ni má fi ipá ṣe é. Imran ọmọ Husayn, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, ní àìsàn jẹ̀díjẹ̀dí, ó sì bi Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nípa ìrun. Ìdáhùn tó rí gbà wà nínú àkójọ Bukhari: kí ó kí i lórí ìdúró, bí kò bá lè ṣe é, lórí ìjókòó, bí kò bá tún lè ṣe é, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí i. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹ̀gàn kankan nínú ìdáhùn náà. Àga inú mọ́sáláṣí kì í ṣe ti àwọn arúgbó nìkan.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó sanra àsanjù, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kírun lórí àga kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ rárá, nítorí orúnkún. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, orúnkún fúyẹ́, orí kan ilẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tó pẹ́ nínú sùjúùdù lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ààwẹ̀ ni ó le. Ẹni tí àpò oúnjẹ rẹ̀ kéré kò lè gbé omi mì gbùú. Ó ní láti máa mu ún díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ ọjọ́ títí yóò fi tó lítà kan àti ààbọ̀ ó kéré tán, èyí tí í ṣe omi inú ọ̀rá mẹ́ta. Ní ilẹ̀ wa, láti ìdájí títí oòrùn fi wọ̀ lé ní wákàtí mẹ́tàlá. Ìgbà wo ni yóò wá rí àyè mu ún, tí yóò sì tún jẹun, láàárín ìṣínu àti sààrì? Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ dókítà kì í fi fẹ́ kí ènìyàn gbààwẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní kó tó oṣù méjìdínlógún. Súrà Bákárà, ẹsẹ 185, ti fún aláìsàn láyè láti san án padà ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó bá lo àyè yìí kò jalè. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ojú a máa tini. Ará ilé rí i tó ń mu omi lọ́sàn-án, ara rẹ̀ sì dá lójú wọn. Àwọn mìíràn a máa tìtorí ojú yìí gbààwẹ̀, tí wọ́n á ṣubú lulẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bí dókítà bá wá fún un láyè ní ọdún kejì, kí ó lọ béèrè bí yóò ṣe máa lo oògùn rẹ̀, pàápàá bó bá ní ìtọ̀ ṣúgà.

Fítámì àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un kì í ṣe ti oṣù mẹ́ta, ti ọjọ́ ayé ni, nítorí pé ara kò ní máa rí gbogbo èròjà fà nínú oúnjẹ mọ́. Kí ó má ṣe dá a dúró nítorí pé ara ti le. Tí èébì kò bá dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, tí ẹsẹ̀ ń kú tipiri, tí ojú ń ṣe bàìbàì tàbí tí ọ̀rọ̀ ń dàrú mọ́ ọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni o. Àìtó fítámì kan lè ba iṣan àti ọpọlọ jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Oògùn ìrora bíi ibuprofen tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì láìbéèrè lè dá egbò sí i nínú, kó yẹra fún un. Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ẹ gbọ́: oyún a máa tètè dúró nígbà tí ara bá jò, bẹ́ẹ̀ àwọn dókítà ń fẹ́ kí ó tó oṣù méjìlá sí méjìdínlógún kí oyún tó wọlé. Kí tọkọtaya jọ sọ ọ́.

ẸNU ÀWA ARÁ ILÉ

Ní ilẹ̀ wa, bí a bá fẹ́ yin ènìyàn, a ó ní ó mà sanra o, ara ń tù ú. Bí ó bá jò, a ó ní kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé kò sí? Àwọn tí ẹnu wọn kò ní ìlẹ̀kùn á ní Éèdì ni, tàbí ọkọ kò tọ́jú rẹ̀, tàbí owó ti tán l'Ékòó. Ẹni náà gbọ́. Ó ti ń ṣiyè méjì nípa ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó wá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀.

Ìtàn méjì wà tí mo fẹ́ kí á fi síra wọn. Sauda ọmọbìnrin Zam'a, ìyàwó Ànábì, jẹ́ obìnrin tó tóbi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá. Ní Musdalifa lákòókò Háájì, ó tọrọ àyè pé kí òun ṣáájú kí èrò tó bo ọ̀nà, Ànábì sì gbà fún un. Abdullahi ọmọ Mas'ud ní tirẹ̀, ojúgun rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi. Atẹ́gùn ká aṣọ rẹ̀ sókè lọ́jọ́ kan, àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ànábì sọ fún wọn pé ojúgun méjì yẹn wúwo lórí òṣùwọ̀n Ọlọ́hun ju òkè Uhud lọ. Ẹni tó tóbi, wọ́n fún un láyè. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n gbèjà rẹ̀. Ẹni tí a ń sọ yìí ti jẹ́ méjèèjì láàárín ọdún kan.

Ṣé dandan ni kó sọ fún gbogbo ènìyàn pé iṣẹ́ abẹ ni òun ṣe? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Àsírí ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan mọ̀ nínú ilé tó bá ń gbé, ìbáà jẹ́ ìyá tàbí àbúrò, tí yóò mọ ohun tó yẹ kó sọ fún nọ́ọ̀sì bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru. Bó bá délé wá sí Ìgàngán, kí ó mú ìwé ilé ìwòsàn rẹ̀ dání, àti oògùn tó máa tó o títí yóò fi padà, nítorí kò dájú pé yóò rí gbogbo rẹ̀ rà níhìn-ín.

Ní ti àwa tó gbà á lálejò, ọjọ́ Iléyá ni ìdánwò wa. Ẹran á pọ̀, abọ́ á máa kọjá. Ẹ bu kékeré fún un, ẹran rírọ̀ méjì, kí ata má pọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́, nípa àwọn ọmọ, nípa ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Bó bá jẹ ẹyọ kan tó sì gbé abọ́ sílẹ̀, kí Alhaja má ṣe bi í pé ṣé ọbẹ̀ òun kò dùn ni. Ó dùn. Ó ti yó.